Òkun Tí Ismaheel Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wò

Kò sí ohun tí Ismaheel tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò mọ̀ láyé yìí, àfi bí wọ́n ti ń pa ẹnu dé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìrun Alaasari, ó sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tó kó lọ wo òkun l'Ékòó láti àárọ̀ Sátidé. Raliat ìyàwó rẹ̀ bi Ìbùkúnọlá, àgbà nínú àwọn ọmọ náà, ní ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, ìdáhùn ọmọ náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lọ sùn, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbùkún. Ẹ kú ìrìn o."

"Ooo. O kú ilé."

"Òkun ńkọ́?"

"Òkun wà dáadáa."

"Mo mọ̀ pé ó wà. Ó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá tó bí yín. Mo ní, ṣé ẹ rí i?"

Ismaheel bọ́ fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara rẹ̀. "Raliat, jẹ́ kí n mumi ná."

"Èyí tí ẹ rí l'Ékòó ò tí ì tó yín?"

"Ṣé o rò pé òkun jẹ́ nǹkan kékeré tí èèyàn kàn ń ròyìn lórí ìdúró? Òkun! Bí o bá dúró sétí ẹ̀, o ò ní rí ibi tó parí sí. Ó lọ títí, ó kọjá Bàdágírì, ó kọjá Kútọnú, ó gba ibẹ̀ dé Mẹ́kà."

"Mẹ́kà?"

"Ó gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́."

"Ariwo ẹ̀ ńkọ́? Rúùtù ní ó máa ń hó bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Àwa lọ ní wíkẹ́ńdì. Òkun náà ń sinmi."

Raliat kàn ń wò ó ni. Rúùtù tó dárúkọ yìí ló ń ta ike ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀ ní Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí Raliat ti ń ta bàtà àti sọ́kìsì ọmọ iléèwé. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Rúùtù, ìjọ wọn a sì máa lọ gbàdúrà létí òkun lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà. Ànúolúwa ọmọ rẹ̀ àti Ìbùkúnọlá jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Ànúolúwa dìde láàárín kíláàsì, ó ní ẹni tí kò rí òkun rí, kí ló ti rí? Ìbùkúnọlá sunkún délé, ọ̀rọ̀ náà sì gún Raliat lọ́kàn ju ọmọ lọ. Ló bá fọ́nnu lójú gbogbo ọjà pé àwọn ọmọ òun ń lọ sétí òkun, pé bí iléèwé bá ti jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìbùkúnọlá yóò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò ròyìn òkun fún gbogbo ayé gbọ́. Mọ́ńdè ọ̀hún ni ọ̀la yìí.

"Ike tí mo ní kí ẹ fi bu omi òkun dà?"

"Ó wà." Ismaheel tọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó yọ ike omi jáde, ó gbé e fún un bí ẹni tó ń fúnni ní wúrà. "Gbà. Èmi fúnra mi ni mo bu ú."

Raliat ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó da díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, ó fi ahọ́n kàn án. Ó tún fi kàn án lẹ́ẹ̀kejì kí ó má baà purọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbùkún, iyọ̀ dà?"

"Iyọ̀ wo?"

"Iyọ̀ inú òkun. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lánàá mọ̀ pé omi òkun níyọ̀."

Ismaheel rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ tí àánú akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. "Ohun tí àìjókòó ti ẹni tó mọ̀wé ń fà nìyí. Iyọ̀ wúwo, àbí kò wúwo?"

"Ó wúwo."

"Ohun tó bá wúwo, ibo ló ń wà nínú omi?"

"Ìsàlẹ̀."

"Ó parí. Òkè lèmi ti bu tèmi."

"Kí ló dé tí ẹ ò bu ti ìsàlẹ̀?"

"Agbádá ni mo wọ̀, Raliat! Ṣé kí n fi agbádá wọdò ni?"

Ó yẹ kí ó pa ẹnu dé níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti sọ bí ẹnu rẹ̀ ti rí. Raliat gbé ike omi náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wo agbádá ọ̀hún láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Aṣọ Ìtùnú Ààwẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí láyà.

"Ta lẹ fẹ́ lọ kí létí òkun tí ẹ fi wọ agbádá Ìtùnú?"

"Èèyàn ò gbọ́dọ̀ rí wúruwùru níwájú òkun. Ọba omi ni."

"Ẹnu yín dùn-ún rò'fọ́, Bàbá Ìbùkún." Raliat bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà Saifudeen, ọmọ wọn kejì, lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ sọ́kìsì inú rẹ̀, ó nà án síwájú ọkọ rẹ̀. "Kí lẹ rí?"

"Sọ́kìsì."

"Àwọ̀ wo ni?"

"Funfun."

"Èmi ni mo yọ ọ́ nínú ọ̀rá láàárọ̀ àná. Funfun ló lọ, funfun ló bọ̀. Ọdún kejìlá tí mo ti ń ta bàtà ọmọ nìyí. Ọmọ tó kàn dé Akẹ̀sán lásán, eruku á bá a délé. Èyí tó lọ sétí òkun dà, tí hóró yanrìn kan ò sí ní bàtà ẹ̀?"

"Yanrìn Èkó kì í tẹ̀ lé àlejò."

"Lahila! Ẹ tún un sọ."

"Mo ní wọ́n mọ ìwà hù. Wọ́n kì í tẹ̀ lé àlejò."

Raliat gbé sọ́kìsì sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí báàgì ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ǹṣì. Báàgì yìí fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó ń lọ. Aṣọ ọmọ mẹ́ta àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló wà nínú rẹ̀. Nísinsìnyí, ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì fà á.

Ismaheel fò dìde. "Má tú u! Ẹrù ọkùnrin ni!"

Ó ti tú u. Ó kó ọ̀rá dúdú mẹ́ta jáde, ẹran díndín. Ó kó bisikíìtì páálí méjì. Ó yọ ife kan jáde, ó gbé e sókè sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

"'Ìrántí ìgbéyàwó ọmọ Alájì Bámgbóṣé, Agége.'" Ó gbé e sílẹ̀, ó mú aṣọ ìnura kan. "'Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa ṣe fìdáù ìyá wa.'" Ó mú kàlẹ́ńdà kan. "Èyí ti Alájì Fọlábí ní Múṣín nìyí, àwòrán tiẹ̀ ló wà ní oṣù kìíní dé ìkejìlá."

Ismaheel na ọwọ́ sí kàlẹ́ńdà náà, Raliat gbé e sẹ́yìn.

"Bàbá Ìbùkún."

"Mm."

"Ṣé inú òkun ni Alájì Bámgbóṣé ń gbé ni?"

"Raliat, gbọ́ mi ná."

"Mò ń gbọ́."

"Ṣé o fẹ́ kí n wọ Èkó bí olè ni? Àbúrò bàbá mi wà l'Ágége, kí n kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn, kí n ní òkun ni mò ń lọ? Bí wọ́n bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún wọn? Òkun?"

"A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là á rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹni kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ìkíni. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ò mọ̀ ju kaṣú lọ."

"Ẹ fi kaṣú wa sílẹ̀. Ilé mélòó lẹ kí?"

"Ilé kan péré ni mo ní lọ́kàn."

"Mi ò bèèrè ohun tó wà lọ́kàn yín. Ilé mélòó?"

"Ṣé o rí i, bí Èkó ṣe rí ni pé..."

"Bàbá Ìbùkún!"

"Mọ́kànlá."

Raliat ya ẹnu, kò rí i pa dé. Ọkọ rẹ̀ rí àyè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

"Kì í ṣe ẹ̀bi mi! Mo ní ká kàn dọ̀bálẹ̀ fún Alájì Bámgbóṣé ká máa lọ. Wọ́n ní ká jókòó. Wọ́n gbé ìrẹsì wá. Bí a ti ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n gbé fóònù. 'Ẹ̀gbọ́n, Ismaheel wà lọ́dọ̀ mi o, òun àtàwọn ọmọ!' Ìyẹn pe tọ̀hún, tọ̀hún pe tibẹ̀. Kí n tó fọwọ́ tán, gbogbo ẹbí tó wà l'Ékòó ti mọ̀ pé mo wà nígboro. Èwo ni mo wá lè yọ sílẹ̀? Ẹni tí mo bá yọ sílẹ̀, títí di ọdún tí wọ́n máa sin mí ni wọ́n á máa sọ ọ́."

"Gbogbo wọn ló fún yín lóúnjẹ?"

"Ta ló lè jẹ́ kí ọmọ Ọ̀yọ́ lọ láìjẹun? Ní ilé kẹrin, Saifu ní inú ń run òun. Ní ilé karùn-ún wọ́n fún un lógùn inú rírun, wọ́n sì gbé iyán lé e."

"Àwọn ọmọ ò bèèrè òkun?"

"Wọ́n bèèrè. Ilé tí a bá ti wọ̀, Ìbùkún á kúnlẹ̀, á kí wọn, á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà òkun dà?' Wọn ò sì bínú sí i. Gbogbo wọn ló ń dá a lóhùn dáadáa pé, 'Jẹun ná, òkun ò ní sá lọ.'"

"Alájì Fọlábí tó gbọ́n jù nínú wọn ńkọ́? Kò lè fi ọ̀nà hàn yín?"

Ismaheel dín ohùn kù. "Ìyẹn gan-an ò mọ̀ ọ́n."

"Kò mọ kí ni?"

"Òkun. Kò rí i rí. Nígbà tí mo ní ibẹ̀ là ń lọ, inú ẹ̀ dùn, ó ní ká dúró de òun, kí òun náà wá lọ mọ̀ ọ́n. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n ẹ̀ l'Ékòó rèé."

"Kí ló ń dí i lọ́wọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Àlejò."

"Ó wá tẹ̀ lé yín?"

"Bí ó ti ń wọ bàtà lọ́wọ́ ni àlejò kan dé láti Ìsẹ́yìn."

Raliat pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó wo ojú ọ̀run. "Ẹ ò rí òkun mọ́! Ẹbí ajókòó-sí-pálọ̀! Bí wọ́n bá gbé òkun wá síwájú ilé wọn, wọ́n á ní kó jókòó, kó jẹun."

"Má fi ìdílé mi nìkan ṣe yẹ̀yẹ́ o! Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí láàárọ̀ àná, tó ní bí mo bá gbàgbé láti kí Mashood ẹ̀gbọ́n òun ní Ìkòròdú, kí n má padà wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀."

"Òun ló jìnnà jù! Ọ̀sán àná pátá ló gbà lọ́wọ́ wa! Ó tún kó wa lọ kí lánlọ́ọ̀dù ẹ̀!"

"Mo ní ó yàtọ̀. Ìkíni nìyẹn. Ìranù ni mẹ́wàá tó kù."

Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró dáadáa lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ ò rí òkun."

"A rí omi."

"Omi wo?"

"Lórí afárá, bí a ti ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀ lónìí. Omi lọ bẹẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà rọra. Mo na ìka sí i, mo ní, 'Ẹ̀yin ọmọ, òkun rèé.'"

"Ọ̀sà nìyẹn!"

"Ọ̀sà àti òkun, ìyekan ni wọ́n."

"Ìyekan lèmi àti Mashood náà. Ẹ ò ṣe fẹ́ Mashood?"

Ismaheel fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé e mì. Raliat ti káwọ́ gbera. Ohùn tó tún fi sọ̀rọ̀ kò ga mọ́.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí mo bi Ìbùkún nígbà tó ń wọlé?"

"Kí lo bi í?"

"Mo ní, 'Ìbùkún, ṣé ẹ rí òkun?' Ó wolẹ̀. Ó ní, 'Bàbá mi ní a rí i.'"

Ismaheel dé fìlà rẹ̀, ó tún bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ta Raliat lọ́kàn bó ti ta á ní ìgbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ìbùkúnọlá, kò tí ì tó ẹni tó yẹ kó máa bo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Ó sì bínú sí ara rẹ̀ náà, òun tó lọ fi ọmọ ṣe ìlérí lójú ọjà.

"Ọmọ yẹn mọ̀," Ismaheel sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ó mọ̀. Ànúolúwa ti sọ fún un pé òkun ní ìgbì, pé ó ń dìde, ó ń ṣubú. Ó wo omi yín lórí afárá, kò rí èyí tó dìde. Àmọ́ ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Kò jọ yín."

"Má bínú."

"Lọ́la ńkọ́? Gbogbo ọjà á dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ wí?"

Orí Ismaheel tún jí padà. "Ìyẹn ò le! Èmi á kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Kó ní òkun fẹ̀, omi ẹ̀ pọ̀, iyọ̀ wà nísàlẹ̀..."

"Ẹ gbẹ́nu yín sọ́hùn-ún! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Irọ́ yín ò tiẹ̀ kọjá Ìbàdàn kó tó ré lulẹ̀, ẹ tún fẹ́ kó o lé ọmọ lórí. Èmi ni màá bá Rúùtù sọ̀rọ̀."

"Pé kí ni?"

"Pé ọkọ mi ò mọ̀nà."

"Raliat! Èmi Ismaheel? Èmi tí mo mọ gbogbo Èkó tinú tòde?"

"Tinú lẹ mọ̀. Ẹ ò dé òde rárá."

Raliat bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá ẹran padà sínú báàgì, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ètò rẹ̀ bí ẹni tó ti rò ó tán.

"Màá bẹ Rúùtù kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Sátidé tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá kó àwọn ọmọ mi lọ. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni. Màá pa fóònù láti gáréèjì Ọ̀yọ́ níbí. Màá bojú bí ẹlẹ́hàá. Bí Mashood gan-an bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí. A máa rìn débi tí omi bá ti kàn wá lẹ́sẹ̀, Ìbùkún á sì fojú ara ẹ̀ rí i."

Ismaheel wúkọ́. "Sátidé tó ń bọ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Sátidé tí a máa rí yìí?"

"Ṣé òmíràn wà ni?"

"Kò... kò ní ṣeé ṣe, Raliat."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Àwọn ta?"

"Gbogbo wọn."

Raliat jókòó padà díẹ̀díẹ̀. "Ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá kí ni là ń kí padà. Wọ́n ní láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó fi ọmọ mẹ́ta kí àwọn láti ilé délé bí èyí. Alájì Bámgbóṣé ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Àlejò Alájì Fọlábí náà ń bọ̀."

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ń lọ nígbà wo?"

"Sọ́ńdè. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ kó wá fún ìgbafẹ́. Wọ́n ní wọn ò rí ààfin rí."

"Ààfin."

"Àwọn ọmọ náà ò sùn mọ́ nítorí ẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

Láti orí bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó sí, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn kò ní pẹ́ kó tó dé ààfin. Raliat yíjú sí apá ibẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ismaheel rò pé ẹkún ni, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àfi bó ti gbọ́ ẹ̀rín. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

"Ẹ gbé fóònù, Bàbá Ìbùkún. Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀."

"Raliat... ṣé kò sí o?"

"Kí ló máa wà? Ṣebí ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ìkíni. Ẹ ní kí wọ́n tètè dé, kí wọ́n sì febi wá. Gbogbo ẹbí yín tó wà nílùú yìí, èmi ni màá kó wọn lọ kí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní ku ẹyọ kan. Bó bá sì ku àyè, a máa kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kí tèmi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo nínú wọn bá fojú kan ẹnu ọ̀nà ààfin kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo bí Ìbùkún."